Lẹ́tà sí Dáwódù ilé òdìkejì: ẹ má tíì ta tẹlifíṣọ̀n Baba, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn án

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ìnáwó Baba, ẹ kú àṣeyẹ. Ẹ̀yìn Baba á dára o. Mo gbọ́ pé ẹ ti gúnlẹ̀ sí Peckham ní London láyọ̀, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni mo bá wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àwòrán aṣọ ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síta gbangba, kí ẹ̀yin lè rí i, kí àwọn tí irú rẹ̀ wà nílé wọn náà sì rí i. Ilé yín nìkan kọ́. Ilé tí baba ilé bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba láyé Wẹ́sítáànì Ríjọ̀n, n'Ìbàdàn yìí o, l'Abẹ́òkúta o, l'Óndó o, ẹ ṣí yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ wò, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá àpótí pákó onílẹ̀kùn kan pàdé, tí wọ́n to àpò sìmẹ́ńtì òfìfo lé lórí.

Àbúrò yín obìnrin ló sọ fún mi pé ẹni tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù ti wá wò ó, ó ti dá owó, ìparí oṣù ló máa wá gbé e. Mo ní, “Ṣé Dáwódù mọ̀ sí i?” Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ ní kí wọ́n dúró ná.

Òmíràn tún wà tí wọn ò sọ fún yín. Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń pariwo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ gbé e síta, ó ki pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ojú iná, ó fẹ́ yà á ní fídíò. Ó ní iná pupa kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ràn nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo wọn hó yèè. Kí wọ́n tó ka ogún, èéfín. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gbé e padà síbi tó wà, wọ́n panu mọ́. Èmi ni mo fi tọ́ọ̀ṣì yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, tí mo rí ibi tó dúdú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ọmọ náà ni pé òórùn wo ló gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò ní Gége kì í fọwọ́ kan ohun tó bá jó kó tó fi imú rẹ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá ń rùn bí àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa, kàpásítọ̀ oníbébà ni, ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́, èyí tí wọ́n fi ìda dí. Owó díẹ̀ la ó fi ra òmíràn. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà títì tí oòrùn pa, ráńsífọ́mà tàbí kọ́ìlì kan ló jó, ẹjọ́ ńlá nìyẹn. Bó bá wá ń rùn bí ayù tó ti rà, ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ bọ́ síta, rẹkitifáyà onísẹlíníọ̀mù, èyí tó ń mú kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ló ń jó, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún àyà ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ronú, ó ronú, ó ní, “Ó dà bí àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì.” Ara mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ki pọ́lọ́ọ̀gì yẹn bọ ògiri. Yàtọ̀ sí ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kàpásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ kò tíì rí iná láti bí ogójì ọdún. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ pẹ́, ẹ̀kọ mímu la fi ń ṣí i lẹ́nu, a kì í gbé iyán kalẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kàpásítọ̀. Mo máa ń fún un ní iná díẹ̀díẹ̀, lónìí ogún fọ́ọ̀tì, lọ́la àádọ́ta, n ó máa wo mítà mi bóyá ó ń gbà á tàbí ó ń jò. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá tó láti rí iná ògiri, gílóòbù 100 wáàtì, ti àtijọ́ tó ń gbóná yẹn, ni mo máa ń dè sáàárín ògiri àti tẹlifíṣọ̀n. Bí nǹkan kan bá já lu nǹkan kan nínú lọ́hùn-ún, gílóòbù náà á tàn yòò, òun ni yóò gba ìyà náà, ẹ̀rọ kò ní jó. Bó bá tàn tó sì rẹlẹ̀, mo mọ̀ pé a lè bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni ti irin inú rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni kò ní ráńsífọ́mà tó ń ya iná ògiri sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wáyà méjì tó ti ògiri wá ni wọ́n dè mọ́ irin tí gbogbo ẹ̀rọ jókòó lé. Tí wọ́n bá yí pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sódì, irin yẹn ti di 230 fọ́ọ̀tì nìyẹn. Pákó àti bọ́tìnnì ìyípo nìkan ló kù láàárín ọwọ́ èèyàn àti ikú. Bọ́tìnnì kan sì ti bọ́ lára ti Baba, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí wọ́n fi ń yí ṣánẹ́ẹ̀lì. Irin ibẹ̀ ló yọ ṣonṣo síta yẹn, òun gan-an sì ni ọmọ yẹn fọwọ́ mú lálẹ́ ọjọ́ náà tó ń yí i. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ò sùn.

Ti oníkóńdẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Kópà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn tíúbù ńlá náà, gíláàsì tí àwòrán ń yọ lójú rẹ̀, ló ń wá, pẹ̀lú ti ráńsífọ́mà àti ti sípíkà. Òòlù ni yóò fi gbá ọrùn tíúbù kó lè yọ ọ́. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú gíláàsì yẹn, afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ̀ ẹ́ láti gbogbo ìhà. Bó bá fọ́ lójijì, inú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wó sí, kí àfọ́kù tó tú jáde bí ọta. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní òjé nínú, ojú gọ́tà ẹ̀yìn ilé yín ni wọn ó sì dà á sí. Ẹ̀bi ẹni tó ń ra irin kọ́, bó ṣe ń jẹun nìyẹn.

Èmi náà ti pa tíúbù kan rí, òòlù kọ́ ni mo sì lò. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí mo rà láti tún ṣe ni. Mo ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó le, mo fi agbára kún un. Mo gbọ́ “ṣììì”, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jò lára táyà kẹ̀kẹ́. Ojú kan wà nínú ọrùn gíláàsì tó ń dán bí dígí. Bí mo ṣe ń wò ó báyìí, dídán yẹn ń ṣí kúrò láti etí wá sáàárín, ó sì funfun bí ògì. Afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi pa á. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìyàwó mi fi wá bi mí pé ta ló kú.

Ìyàwó mi ń pe yàrá tí mo ti ń ṣe é ní mọ́ṣúárì. Mo ní ọsibítù ni. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí kọ́bọ̀ tó ń wọlé níbẹ̀ o. Owó fẹ̀yìntì tíṣà físíìsì lẹ mọ̀ pé mo fi ń ṣe é. Bí mo bá tú ẹ̀yìn ọ̀kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń kó jáde ni ẹyin ọmọńlé, ilé amọ̀ tí agbọ́n mọ, àti wáyà tí eku ti jẹ ara rẹ̀ tán. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ ni mo fi ń gbá eruku. Lẹ́yìn náà, kàpásítọ̀ oníbébà, gbogbo wọn pátá ni mo ń pààrọ̀, yálà wọ́n ń jò tàbí wọn kò jò, torí èyí tí kò tíì jò lónìí yóò jò lọ́la. Váàfù ní tiẹ̀, àwọn gíláàsì kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ tí tíránsísítọ̀ ń ṣe lóde òní, le ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ó kàn jẹ́ pé okùn kan ni wọ́n fi so gbogbo iná inú wọn pọ̀. Váàfù tó ń jẹ́ PL36 ń gba fọ́ọ̀tì 25, PY81 ń gba 17, PCL82 ń gba 16, títí dé orí tíúbù fúnra rẹ̀ tó ń gba 6.3. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn á ṣú. Àwọn atún-rédíò-ṣe ayé ìgbà yẹn mọ èyí, wọ́n á wá èyí tó kú, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n jí òkú dìde. Iná pupa tí àwọn ọmọ yẹn rí, tí wọ́n hó sí, òun náà ni. Ó túmọ̀ sí pé okùn náà kò tíì já níbì kankan. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀yin wà nínú pálọ̀ nígbà náà, ojú fèrèsé ni èmi wà. Bí ẹ ṣe rí tẹlifíṣọ̀n yẹn kọ́ ni mo ṣe rí i. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní àpò bùbá Baba. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí i, wọ́n á yí bọ́tìnnì, kò ní sí nǹkan kan. A ó máa dúró. Ohùn ló máa kọ́kọ́ dé, bí ẹni ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwòrán á wá tẹ̀lé e, á kọ́kọ́ rí bí omi, lẹ́yìn náà ojú èèyàn á yọ níbẹ̀. Bí Moses Ọláìyá bá ti fi jígí ńlá rẹ̀ yọjú, àwa ti ojú fèrèsé la máa ń rẹ́rìn-ín jù, torí a ò gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Bí Baba bá wá pa á, àmì funfun kan á kù sáàárín, á máa kéré sí i, á máa kéré sí i. Ìràwọ̀ la máa ń pè é. Ẹ̀yin lẹ máa ń lé wa pé ká máa lọ sílé, àwa á sì ní ó di ìgbà tí ìràwọ̀ bá kú. Ẹ rántí?

Baba náà ló sọ fún wa bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Agódi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó na Awólọ́wọ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì, wọn ò gbà. Baba á ní, “Ó wá lọ kọ́ tirẹ̀.” Ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, kò tíì sí irú rẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Aníkẹ́ Àgbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Baba ra tirẹ̀, ohun tí gbogbo wa sì gbọ́ nílé yín ni pé ọjọ́ ìkómọ yín gan-an ni wọ́n gbé e wọlé, ní February 1961, tí ìyá-ìyá yín ní kí wọ́n kọ́kọ́ bu iyọ̀ ìsọmọlórúkọ sí i lẹ́nu kó má baà jowú ọmọ.

Àwọn àbúrò yín ń jiyàn. Ọ̀kan ní irọ́ ni, ó ní 1964 ni, lẹ́yìn tí Baba gba ìgbéga. Ẹ wò ó, ẹlẹ́rìí wà nínú àpótí yẹn. Lẹ́sẹ̀ gíláàsì àwọn váàfù Philips àti ti Mullard, wọ́n máa ń kọ lẹ́tà kéékèèké sí i: lẹ́tà ilé iṣẹ́, nọ́ńbà tó parí ọdún, lẹ́tà oṣù, nọ́ńbà ọ̀sẹ̀. A ni January, L ni December. Èyí kan ṣoṣo tí mo rí kà láti ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní 0 àti J. Odo lè jẹ́ 1960, ó lè jẹ́ 1970. J ni October. Bó bá jẹ́ 1960, oṣù mẹ́rin péré ló fi ti ilé iṣẹ́ dé inú àpótí, dé orí ọkọ̀ ojú omi, dé Èkó, dé ìkómọ yín. Àyè náà há, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Bó bá sì jẹ́ 1970, ẹnì kan ló pààrọ̀ váàfù yẹn, kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. A ní láti ka gbogbo wọn ká tó lè dájọ́. Nítorí náà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi aṣọ tútù nù wọ́n o! Ohun tí wọ́n kọ sára wọn kì í pẹ́ ṣí. Ìmọ́tótó ti àbúrò yín obìnrin yìí ń bà mí lẹ́rù ju oníkóńdẹ́ẹ̀mù lọ.

Ẹ ó bi mí pé bí mo bá tún un ṣe, kí ni yóò máa fi hàn? Ìbéèrè tó dáa ni. Ètò ti wà pé ká kúrò lórí ìgbéjáde àtijọ́, ká bọ́ sórí ti díjítà. June 2015 ni àdéhùn àgbáyé dá fún wa, 2016 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos, ẹsẹ̀ sì ń wọ́ láti ìgbà náà. Bó pẹ́ bó yá, tẹlifíṣọ̀n Baba kò ní rí ohun tí yóò gbà láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn tó wà nítòsí yín lọ́hùn-ún. Ní West Dulwich, ibi tí bọ́ọ̀sì lè gbé yín dé láti Peckham, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerald Wells kó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n oníváàfù kún ilé rẹ̀ títí ó fi di mùsíọ́ọ̀mù, títí òun náà fi kú ní 2014. Ìlà 405 ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń fà kí àwòrán kan tó pé, wọ́n sì ti pa ìgbéjáde yẹn ní 1985. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan láyé tó tún ń bá irú wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn ṣe ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ àwòrán òde òní sí ìlà 405 fún wọn. Tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ. Ìlà 625 ni tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Modulator kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ni mo máa ń dè mọ́ DVD. Á gbé e jáde bí ẹni pé Agódi ló ń sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ̀ pé ayé ti yí.

Ohun tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi sí i nìyí, bí ẹ bá gbà: fídíò ọgọ́rin ọdún Baba. Kí a rí wọn ní dúdú àti funfun, pẹ̀lú agbádá yẹn, nínú àpótí tí wọ́n fi owó ara wọn rà.

Mi ò ní kí ẹ ta á fún mi. Mi ò ní kí ẹ fún mi. Tiyín ni, inú pálọ̀ ni mo fẹ́ kó padà sí. Owó tí oníkóńdẹ́ẹ̀mù dá, n ó san án fún àbúrò yín lọ́la bó bá jẹ́ owó ló ń dùn ún. Ẹ sáà pè é, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, má tàn án, má nù ún. Mo lè dé ibẹ̀ ní Sátidé, n ó mú tẹ́sítà àti mítà mi dání, n ó sì mú ọmọ aládùúgbò wa kan dání, ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo nílò rẹ̀. Àwòrán 25 ni tẹlifíṣọ̀n ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà 625 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 15,625 nìyẹn, iye ìgbà tí kọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n nìyẹn, ó sì máa ń hu fíín bí ẹ̀fọn. Bó bá ń hu, apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà ti yè. Ṣùgbọ́n etí àgbà kì í gbọ́ ọ mọ́. Èmi ti di ẹni ọgọ́ta ọdún àti díẹ̀, ọdún kẹfà rè é tí mi ò gbọ́ ọ. Ọmọ yẹn ni etí mi. N ó jókòó sẹ́yìn àpótí, òun á jókòó níwájú, n ó sún iná sókè díẹ̀díẹ̀, n ó sì máa wo ojú rẹ̀. Bó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, n ó pè yín.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ojú fèrèsé,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.